Sítíárìn Oníná fún Ọkọ̀ Asáré

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ni ti àwọn tí ń yọ ìrànlọ́wọ́ olóróró kúrò lára sítíárìn ọkọ̀ asáré, tí wọ́n sì ń fi ti oníná rọ́pò rẹ̀.

Ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ fẹ̀ a máa wúwo lọ́wọ́, pàápàá nígbà tí ó bá ń rìn jẹ́jẹ́. Nítorí èyí ni Francis Davis, ará Amẹ́ríkà, ṣe fi agbára òróró ran awakọ̀ lọ́wọ́ li ọdún 1926. Ṣùgbọ́n ó di ọdún 1951 kí Chrysler tó bẹ̀rẹ̀ sí tà á fún ará ìlú. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí pọ́ǹpù òróró náà. Bí awakọ̀ yà, bí kò yà, pọ́ǹpù ń jẹ nínú agbára ẹ́ńjìnnì. Ti oníná kò rí bẹ́ẹ̀: ìgbà tí ọwọ́ bá yí sítíárìn ni ó ń ṣiṣẹ́ gidi. Suzuki fi í sínú Cervo li ọdún 1988. Honda fi í sínú àwọn NSX kan li ọdún 1990.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ọ̀pá sítíárìn tí í lọ́ díẹ̀ bí ọwọ́ bá ti yí i. Kọ̀ǹpútà kékeré a wo bí ó ti lọ́ tó, a wo bí ọkọ̀ ti ń sáré tó, a sì pàṣẹ fún ẹ̀rọ oníná iye agbára tí yóò fi kún ti ọwọ́: púpọ̀ níbi ìdúró, díẹ̀ lójú eré.

Ẹni tí yóò ṣe ìpààrọ̀ yìí a sábà mú ọ̀pá oníná láti inú ọkọ̀ mìíràn, a gé e, a sì jó o mọ́ ti tirẹ̀. Níhìn-ín ni ẹ̀mí wà. Bí ojú ibi tí a jó bá já lójú eré, kò sí ohun tí yóò darí ọkọ̀ náà mọ́. Ọ̀pá náà sì gbọ́dọ̀ lè ká bọ ara rẹ̀ bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, kí ó má baà gún awakọ̀ láyà. Wáyà tí ó nípọn ni kí a fà láti bátìrì, pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀. Kí a sì yọ fíúsì náà ní pápá gbalasa, kí a wò bóyá ọwọ́ lásán ṣì lè yí ọkọ̀ náà.

Ó tún ku ọ̀kan. Bí ìròyìn eré kò bá dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, òmíràn a máa ran ọwọ́ ní ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo. Sítíárìn a sì fúyẹ́ jù lójú eré. Nígbà tí Porsche fi oníná sínú 911 li ọdún 2011, ọ̀pọ̀ olùfẹ́ ọkọ̀ náà ráhùn pé ọwọ́ àwọn kò mọ ojú ọ̀nà bí ti àtẹ̀yìnwá. Ọwọ́ ni awakọ̀ fi ń mọ̀ pé táyà fẹ́ yọ̀. Nítorí náà, kí a má ṣe fi fífúyẹ́ nìkan díwọ̀n iṣẹ́ yìí. Ìrànlọ́wọ́ tí kò jẹ́ kí ọwọ́ mọ ilẹ̀ mọ́, ewu ni.