Sójà Bọ́mà Kì í Ṣe Aláàárù Lásán

 

Àwọn òpìtàn kan, òyìnbó àti dúdú, ń sọ ọ́ títí dòní pé aláàárù lásán ni àwọn ọmọ wa tó lọ bá Gẹ̀ẹ́sì jagun ní Bọ́mà (Myanmar òde òní) nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Mo ti ń bá wọn fa ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, n kò sì ní dákẹ́. Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló lọ, Nàìjíríà ló sì kó èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀. Ní àfonífojì odò Kaladan tí Dìfísọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti jà ní 1944, bàálù ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀, orí ni wọ́n fi ń rù ú wọ igbó. Ẹni tó ru ẹrù níbẹ̀, iwájú ìbọn ló wà.

Ẹ wo Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Ẹmùrẹ́-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ sójà ní 1942. Olùtọ́jú aláìsàn ni, kì í ṣe oníbọn. Ní oṣù Kẹta 1944, àwọn Japan ká òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ etí odò Kaladan. Ọta fọ́ egungun itan rẹ̀, òmíràn wọ̀ ọ́ níkùn. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ló ṣẹ́kù sínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan, Shuyiman, ń yọ́ gbé oúnjẹ wá fún wọn. Nígbà tó yá, ó kó wọn wọ ilé ara rẹ̀. Bí àwọn Japan bá gbọ́, tòun tìyàwó tọmọ ni wọn ì bá pa. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi sá pamọ́ kí àwọn sójà Gurkha tó ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n sílẹ̀. Fádóyèbọ̀ tiro délé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé. Ní 2011, oníròyìn Barnaby Phillips bá a gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ fún Shuyiman ní Bọ́mà. Shuyiman ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbà á. Fádóyèbọ̀ náà kú ní 2012. Ṣé aláàárù nìyẹn?

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òkè-Ṣópẹ̀n, Ìjẹ̀bú-Igbó, bàbá kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Bọ́mà. Kọ́ọ̀pù sójà ló fi ń mu ẹ̀kọ, etí kọ́ọ̀pù náà ti já, wáyà ló fi dì í. Nígbà tó kú, kọ́ọ̀pù àti ìwé iṣẹ́ rẹ̀ bá pàǹtí lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ mọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù Arsenal, ẹ ń kọjá ní Dodan Barracks l'Ékòó, ẹ kò sì mọ̀ pé ojú ogun àwọn bàbá yín ní Bọ́mà ni Dodan. Kò dáa bẹ́ẹ̀.

Bọ́mà nìkan kọ́ ni àwọn sójà wa lọ. Kóńgò, 1960: Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn, wà lára àwọn tó lọ. Làìbéríà láti 1990, lẹ́yìn náà Sierra Leone: ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni wọ́n bá lọ, àwọn opó wọn ṣì wà láàárín wa.

Ní Taukkyan ní Bọ́mà, wọ́n kọ orúkọ nǹkan bí 27,000 sójà tí wọn kò rí sàréè wọn, àwọn tiwa wà níbẹ̀. Mo bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú Àríwá àti Ògùn Waterside ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kí wọ́n rán akọ̀wé wọ agboolé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n kọ orúkọ àwọn sójà tó jáde níbẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ìwé tàbí mẹ́dàlì bàbá rẹ̀ bá wà nílé, kó má jù ú nù. Kó fi han akọ̀wé náà.