Ẹ̀ṣẹ̀ Ọmọ àti Ẹjọ́ Bàbá: Ọ̀rọ̀ lórí Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ Bonny, tí a sọ ní Ìdànrè

 A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó fi kòkó sílẹ̀ nínú oòrùn kí ó tó wá gbọ́ wa; a kò ní pẹ́ jù.

Nígbà tí a ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí àbẹ̀tẹ́lẹ̀, èrò tí ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ náà ti gbó lẹ́nu àwa oníwàásù. Ta ni kò mọ ẹni tí ń gbà á? Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fún un, tí ó jókòó sí òkèèrè tí ó rán ẹlòmíràn, a kì í sábà pe orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni náà ni a fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òṣùwọ̀n kòkó. Oníṣòwò ńlá kì í wá sí Ìdànrè. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń gbé òṣùwọ̀n wá. Bí ọmọ iṣẹ́ náà bá fi ọwọ́ kan òṣùwọ̀n, tí kìlò mẹ́wàá di mẹ́jọ, kòkó tí ó jí yóò lọ sí ilé ìkẹ́rù ọ̀gá, èrè rẹ̀ yóò sì wọ àpò ọ̀gá. Ní ọjọ́ tí àṣírí bá tú, ọ̀gá yóò ní òun kò rán an. Ṣé ẹ̀yin yóò gbà? Àwọn baba wa kò gbà. Bí ọmọ ilé kan bá ba oko ẹlòmíràn jẹ́, baálé ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Wọn kì í bi í bóyá òun ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé igi. Wọ́n á bi í pé níbo ni ó wà tí ọmọ rẹ̀ fi ṣe é.

Ní 1990, kọ́ḿpínì mẹ́rin dara pọ̀: Technip ará Faransé, Snamprogetti ará Ítálì, Kellogg ará Amẹ́ríkà, àti JGC ará Japan. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn ni wọ́n fi ń pe ẹgbẹ́ náà ní TSKJ. Iṣẹ́ tí wọ́n ń wá ni kíkọ́ ilé iṣẹ́ tí yóò sọ gáàsì wa di olómi ní erékùṣù Bonny. Láàrin 1995 àti 2004 iṣẹ́ náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́, owó rẹ̀ sì ju bílíọ̀nù 6 dọ́là lọ. Wọ́n san nǹkan bí mílíọ̀nù 182 dọ́là fún aṣojú méjì, kí wọ́n lè fi nínú rẹ̀ tẹ́ àwọn aláṣẹ wa lọ́rùn. Ọ̀kan ni Jeffrey Tesler, agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí ó ń gba tirẹ̀ sí kọ́ḿpínì kan ní Gibraltar. Èkejì ni Marubeni ará Japan. Ní àkókò kan, mílíọ̀nù kan dọ́là, olówó ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, ni a kó sínú báàgì awakọ̀ òfurufú tí a gbé sí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Àbújá.

Ẹ wo ọgbọ́n wọn. Àwọn mẹ́rin yìí dá kọ́ḿpínì kéékèèké mẹ́ta sílẹ̀ ní Madeira, erékùṣù àwọn Potogí. Ẹ̀kẹta nínú wọn ni ó ń bá àwọn aṣojú ṣe àdéhùn. Kellogg kò di ìpín tirẹ̀ mú fúnra rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ní Ìlú Òyìnbó ni ó fi dì í mú, kò sì fi ọmọ Amẹ́ríkà kankan sí ìgbìmọ̀ rẹ̀, kí òfin Amẹ́ríkà ti 1977 má bàa kàn án. Ilé lórí ilé, ilẹ̀kùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ẹni tí ń wá olóhun lè rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Síbẹ̀ wọ́n rí i. Ní oṣù kejì 2009, KBR tí ó jogún Kellogg jẹ́wọ́ ẹ̀bi ní Amẹ́ríkà. Òun àti Halliburton, tí ó jẹ́ ìyá rẹ̀ títí di 2007, sì gbà láti san mílíọ̀nù 579 dọ́là. Àwọn yòókù san tiwọn tẹ̀ lé e. Ní 2012 ọ̀gá KBR, Albert Stanley, gba ẹ̀wọ̀n oṣù 30, Tesler gba oṣù 21.

Àwa tí ń ka Ìwé Mímọ́ mọ Élì. Kò jalè nínú ẹbọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó jalè. Ẹ̀bi tirẹ̀ ni pé ó gbọ́, kò sì dá wọn lẹ́kun. Ohun tí àwọn Òyìnbó wá kọ sínú òfin wọn ní 2010 nìyẹn gan-an. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2011, bí ọmọ, aṣojú tàbí òṣìṣẹ́ kọ́ḿpínì kan bá fún ẹnikẹ́ni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nítorí rẹ̀, kọ́ḿpínì náà jẹ̀bi, àfi bí ó bá fi hàn pé òun ti ṣe ètò tí ó tó láti dènà rẹ̀. Kò sí pé ẹnì kan ń wádìí bóyá ó rán an.

Ní 2022 òfin yìí mú Glencore Energy UK, ọmọ ilé iṣẹ́ Glencore ti Switzerland, nítorí rìbá epo ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ó san ju mílíọ̀nù 280 pọ́n-ùn lọ. Nàìjíríà lọ sí kóòtù láti béèrè ẹ̀san. Adájọ́ ní kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá gidigidi. Oko wa ni a bà jẹ́, ní ààfin ẹlòmíràn ni a san owó ìtanràn sí.

Ajá aládùúgbò ni a fi ń ṣọ́ ilé, ajá náà sì ní olúwa rẹ̀. Ní oṣù kejì 2025, Ààrẹ Donald Trump pàṣẹ kí a dá ìmúṣẹ òfin 1977 dúró fún ìgbà díẹ̀. Ní oṣù kẹfà ni wọ́n tún fi ìlànà mìíràn bẹ̀rẹ̀.

Níhìn-ín ńkọ́? Ní oṣù kejìlá 2010, EFCC pe Halliburton lẹ́jọ́, àti Dick Cheney tí ó ti ṣe olórí rẹ̀ rí. Kí oṣù náà tó parí, Halliburton gbà láti san mílíọ̀nù 35 dọ́là, a sì fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn.

Àwa fẹ́ kí Ẹgbẹ́ yìí kọ̀wé sí àwọn aṣòfin Òǹdó tí ó wà ní Àbújá, kí òfin bíi ti 2010 yẹn wà nílẹ̀ wa, kí owó ìtanràn rẹ̀ sì lọ sí ìlú tí a bà jẹ́. A ti kọ ìwé náà. Ó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, kálàmù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.