Ẹ̀RÙ BÀÁLÙ ÀTI ẸRÙ TÍ A Ń DÌ SÍNÚ RẸ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé)

  

Ọ̀rọ̀ bàálù la gbé wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Nígbà kan, ọkọ̀ àwọn olówó la máa ń pè é. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ẹni tó ń ta aṣọ, ẹni tó ń ta bàtà, ẹni tó ń ta ohun èlò fóònù, gbogbo wa la ń wọ̀ ọ́ lọ sí Dubai, Guangzhou àti Istanbul lọ rajà. Àwọn mìíràn ń bá a lọ sí Àbújá àti Kánò. Síbẹ̀, ẹ̀rù ṣì ń bà wá. Ẹlòmíràn á gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kó tó wọkọ̀. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá wá jẹ́ owó pọ́ọ́kú, àyà á tún já: "Ṣé bàálù yìí dára báyìí?"

A ò lè bá ẹnikẹ́ni wí, nítorí ojú wa ti rí nǹkan. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2005, bàálù Bellview já ní abúlé Lísà, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Gbogbo ènìyàn 117 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2012, bàálù Dana já lé àwọn ilé lórí ní Ìjù-Ìṣàgá, l'Ékòó. Ènìyàn 153 inú rẹ̀ kú, àwọn tó wà nílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ wọn náà sì kú.

Ṣùgbọ́n ṣé owó kékeré ló ń já bàálù lulẹ̀? Rárá o. Ẹ wo Ryanair ní Yúróòpù, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú jù. Láti ọdún 1985 tó ti bẹ̀rẹ̀, kò sí èrò rẹ̀ kan tó kú nítorí pé bàálù já. Níbo ló ti ń dín owó kù? Ẹ ó san owó oúnjẹ lọ́tọ̀, ẹ ó san owó báàgì lọ́tọ̀, bàálù kì í sì í pẹ́ nílẹ̀ kó tó tún gbéra. Ó dà bí ìyá elélùbọ́ tó ń tà ní pọ́ọ́kú torí pé ọjà rẹ̀ ń yá, kì í ṣe torí pé ó po nǹkan mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń po nǹkan mọ́ ọn, iṣẹ́ ìjọba ni láti mú un. Nílẹ̀ wa níbí, àjọ NCAA ni iṣẹ́ ọ̀hún já lé léjìká. Bí wọ́n bá dá ilé iṣẹ́ bàálù kan dúró, ẹ má bínú pé ó da ìrìn àjò yín rú.

Kí ló wá yẹ ká bẹ̀rù? Bí a bá wo ohun tí ìwádìí fi hàn lẹ́yìn àwọn ìjàǹbá kan, a ó rí ohun mẹ́ta tí ọwọ́ àwa èrò náà lè wà níbẹ̀.

Èkínní ni ìwọ̀n ẹrù. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí, ní Kùtọnu tí ọ̀pọ̀ wa ń ná. Lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2003, bàálù Boeing 727 kan tó ti Conakry wá gbéra níbẹ̀, ó ń lọ sí Beirut. Ẹrù pọ̀ jù nínú rẹ̀, èyí tó wúwo jù sì wà níwájú. Àwọn awakọ̀ ò mọ bó ṣe wúwo tó. Bàálù sáré títí, kò lè dìde dáadáa. Ó gbá ilé kékeré kan ní ìparí ojú ọ̀nà rẹ̀, ó já sétí òkun. Àwọn tó kú lé ní 130.

Ẹ ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe torí owó nìkan ni wọ́n ṣe ń wọn ẹrù. Ìwọ̀n yẹn ni awakọ̀ fi ń ṣírò eré tó máa sá kó tó gbéra. Nígbà tí a bá wá fún ọmọ tó wà nídìí òṣùwọ̀n ní nǹkan kó lè kọ 30 fún 45, tàbí tí a fi ẹsẹ̀ ti báàgì sókè lórí òṣùwọ̀n, ta là ń rẹ́ jẹ? Òótọ́ ni, kílò 15 ẹnì kan ò lè já bàálù. Ṣùgbọ́n bí èrò 100 bá ṣe bẹ́ẹ̀, tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ nìyẹn tí awakọ̀ ò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá gbá ìdí kóńgò wọlé, oníbàárà ló rẹ́ jẹ. Ẹni tó bá rẹ́ òṣùwọ̀n bàálù jẹ, òun náà wà nínú bàálù ọ̀hún.

Èkejì ni ohun tí a dì. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1996, bàálù ValuJet, ilé iṣẹ́ onítíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú kan ní Amẹ́ríkà, gbéra ní Miami. Wọ́n ti kó àwọn agolo tó ń pèsè afẹ́fẹ́ oxygen sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìwé ẹrù pé wọ́n ti ṣófo. Wọn ò ṣófo. Iná sọ láàárín ẹrù, ènìyàn 110 ló kú. Ìwádìí bá àwọn tó di ẹrù wí, ó bá ilé iṣẹ́ náà wí, ó sì bá àjọ ìjọba tó yẹ kó máa ṣọ́ wọn wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ohun èlò fóònù, ẹ gbọ́ o. Powerbank kò gbọdọ̀ wọ báàgì tó ń lọ sábẹ́ bàálù. Ẹ mú un dání, kí wọ́n lè tètè rí i bó bá gbiná. Èyí tó bá jẹ́ ọjà títà, ẹ fi ránṣẹ́ bíi kágò, kí ẹ sì sọ ohun tó jẹ́ gan-an.

Ẹ̀kẹta ni ìkánjú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2006, bàálù ADC gbéra ní Àbújá, ó ń lọ sí Sókótó. Ojú ọjọ́ ti bàjẹ́, awakọ̀ sì mọ̀, ó ṣì gbéra. Ènìyàn 96 nínú 105 ló kú, Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, wà lára wọn. Àwa náà mọ bó ṣe máa ń rí: òjò ń bọ̀, wọ́n ní ká dúró, la bá figbe ta, "Ẹ gbé wa lọ jàre, ọjà wa ń dúró!" Ẹ jọ̀ọ́, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Bó bá jẹ́ ìwà àìbìkítà ilé iṣẹ́ ló dá wa dúró, àwọn òṣìṣẹ́ NCAA wà ní pápákọ̀, ẹ lọ fẹjọ́ sùn wọ́n. Bó bá jẹ́ òjò ni, ẹ jókòó.

Ọ̀kan ló kù. Bí wọ́n bá ní ká sá jáde nínú bàálù, ẹ fi ẹrù sílẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2024, bàálù ńlá kan kọlu kékeré kan ní pápákọ̀ Tokyo, ní Japan. Ènìyàn márùn-ún kú nínú kékeré. Bàálù ńlá jóná ráúráú, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn 379 inú rẹ̀ jáde láàyè. Wọ́n tẹ̀lé àṣẹ, wọ́n fi báàgì sílẹ̀. A mọ̀ pé owó èsúsú wà nínú ọjà míì, a mọ̀ pé gbèsè wà lórí òmíràn. Ṣùgbọ́n ọjà ṣeé rà padà, ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Torí náà, ẹ̀yin èèyàn wa, ká máa gbàdúrà, ká máa de bẹ́líìtì, ká sì jẹ́ kí òṣùwọ̀n sọ òótọ́. Olúwa á máa mú wa lọ, á máa mú wa bọ̀. Àlọ wa, àbọ̀ wa, ire ni o.