Òṣùwọ̀n wo la ó fi wọn ìwé tó ń sọ ẹni tí a jẹ́?



Àwọn yunifásítì ní òṣùwọ̀n kan fún ìwé àtìgbàdégbà wọn: iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ tọ́ka lọ́dún kan sí àròkọ ọdún 2 tó ṣáájú, tí wọ́n pín fún iye àròkọ náà. Ó lè dáa fún àwọn oníṣègùn. Ẹ wá gbé e lé Études dahoméennes tí IFAN máa ń tẹ̀ ní Àjàṣẹ́ níbí nígbà kan rí. Ní 1957 sí 1958, Édouard Dunglas kọ ìtàn Kétu mọ́ ti Dàhòmì sínú nọ́ńbà 19, 20 àti 21 rẹ̀. Lójú òṣùwọ̀n yẹn, ó ti kú tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn Kétu lónìí, ibẹ̀ náà ló ń gbà kọjá. (Orílẹ̀-èdè tó wà lórí èèpo rẹ̀ gan-an ti yí orúkọ padà ní 1975!)

Ohun tó ń dùn wá ni pé ẹnu àwọn àgbà ni ọ̀pọ̀ ìtàn yẹn ti jáde, èdè Faransé ló wá wọ̀ sí. Ta ló kà á padà fún wọn? Ọmọ tó ń bi ìyá rẹ̀ léèrè ogun tó tú Kétu ní 1886, kò sí ẹni tó ń kà á mọ́ iye.

Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa túmọ̀ apá ti Kétu sí Yorùbá. Kí ìjòyè kọ̀ọ̀kan sì sọ ibi tó ti yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n gbọ́ nílé wọn, a ó kọ ọ́ sílẹ̀.