Ohun Tí A Fẹ̀sọ̀ Mú: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Púlọ́ọ̀gì Tó Dípẹtà



Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ ni mo mú wá sí gbọ̀ngàn yìí. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ka iṣẹ́ mẹkáníìkì sí iṣẹ́ agbára. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ ìmọ̀ ni.

Mo ní Volkswagen ìjàpá kan, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní 1975. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lò. Nígbà tí mo fẹ́ tú wọn, mẹ́ta jáde, ẹ̀kẹrin kọ̀. Mo fi páìpù mú ọwọ́ sípánà gùn, mo sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ó jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fa tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ìyẹn àwọn ìlà inú ihò tí a ń lọ́ ọ mọ́, jáde pẹ̀lú. Báyìí ni ohun kékeré ṣe ba orí ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Kí ló fà á? Irin ni ara púlọ́ọ̀gì. Alumíníọ́mù ni orí ẹ́ńjìnnì. Bí ọ̀rinrin bá wọ àárín méjèèjì, alumíníọ́mù a máa jẹ díẹ̀díẹ̀, ohun tí ó bá sì jẹ kúrò lára rẹ̀ a dì wọ́n pọ̀. Èédú epo tó jóná a sì tún gbá mọ́ ìsàlẹ̀ tẹ́rẹ́ẹ̀dì.

Àgbà mẹkáníìkì tó bá mi tún un ṣe wò mí, ó ní, “Tíṣà, ẹ ò fún un láyè ni.” Ó wá fi ọ̀nà rẹ̀ hàn mí. Ní ìrọ̀lẹ́, kí a gbá iyanrìn ìdí púlọ́ọ̀gì kúrò, kí ó má baà já sínú ẹ́ńjìnnì. Kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí a pa á, kí a kán epo fẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń tú irin tó dípẹtà sí i, kí ó sùn mọ́jú. Lówùúrọ̀, kí a kọ́kọ́ fún un díẹ̀ kí ìdè náà lè já, kí a tó tú u. Bí ó bá yí díẹ̀, kí a dá a padà, kí a tún kán epo sí i, kí èédú má baà ya tẹ́rẹ́ẹ̀dì.

Gbogbo rẹ̀ ló nídìí. Nínú ooru kan náà, alumíníọ́mù a máa fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin. Nítorí náà ni ìlọ́wọ́ọ́rọ́ àti títutù ṣe ń mi ìdè náà, tí epo sì ń ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u nígbà tí ó gbóná janjan, tẹ́rẹ́ẹ̀dì yóò tètè ya.

Àwọn àgbà ní ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìwà rere ni a sábà máa ń ka ẹ̀sọ̀ yìí sí. Lójú tèmi, ìmọ̀ ni: ẹni tó mọ ohun tó di irin mú nìkan ló mọ ìdí tó fi yẹ kí òun dúró. Àgbà yẹn mọ̀ ọ́n lọ́wọ́; àwa mọ̀ ọ́n nínú ìwé. Títí a ó fi kọ tọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú ìdí rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò máa fi ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn kọ́ ọ.