Kí Ìtàn Wa Má Ṣe Bá Àwọn Àgbà Wọ Ibojì
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn onígbàgbọ́ sọ ní ọjọ́ ayẹyẹ Júbílì



  Nínú Ìwé Mímọ́, ọdún Júbílì jẹ́ ọdún ìdásílẹ̀ àti ọdún ìpadàbọ̀: olúkúlùkù a máa padà sí ilẹ̀ baba rẹ̀ àti sọ́dọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀. Irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí: kí a padà sí ìtàn ìlú wa àti ti ìjọ wa, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì fi í lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́.

Ní ilẹ̀ Kétu, ìtàn kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Nígbà tí a bá fẹ́ fi Alákétu tuntun jẹ, ẹnì kan wà tí à ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́gùn. Òun ni ó ń ròyìn bí àwọn baba ńlá wa ti ṣí kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, bí Ọba Ẹdẹ ti tẹ Kétu dó, àti àwọn ọba tí ó jẹ tẹ̀ lé e. Láti ọwọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ ni iṣẹ́ náà ti ń wá nínú ìdílé rẹ̀. Orí ni ìwé rẹ̀, ahọ́n sì ni gègé rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 1886. Ní ọdún náà ni ogun Dàhómì fọ́ Kétu. Wọ́n jó ìlú, wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ sí Abomey, ilé sì di ahoro. Ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Ọba Béhanzin tán ni àwọn tí ó ṣẹ́ kù tó lè padà wá tún ìlú tẹ̀ dó. Ta ni ó lè ka iye ìtàn tí ó bá àwọn tí kò padà lọ? Ẹnubodè Àkàbà Ìdènà ṣì wà, yàrà àwọn baba wa ṣì wà, ṣùgbọ́n yàrà kò lẹ́nu. Àwa ni a gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó rí.

Bákan náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fọwọ́ sí ìwé ààlà. Ìmẹ̀kọ, tí ó wà lábẹ́ Kétu, bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní òkè òkun, ní Bahia ní ilẹ̀ Brasil, orúkọ Kétu ṣì wà lẹ́nu àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tí a tà lẹ́rú. Bí wọ́n bá wá bi wá léèrè ilé, kí ni a ó fi hàn wọ́n?

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé iṣẹ́ yìí kò kan onígbàgbọ́, kí ó wo Àlùfáà Thomas Moulero, ọmọ Kétu, ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ Dàhómì tí a fi jẹ àlùfáà, ní ọdún 1928. Òun ni ó kọ ìtàn Kétu sínú ìwé ìròyìn La Reconnaissance Africaine, tí Àlùfáà Francis Aupiais dá sílẹ̀ ní 1925. Ní 1964, ìtàn Ṣábẹ tí ó kọ tún jáde. Ó jókòó ti àwọn àgbà, ó gbọ́, ó sì kọ. Lúùkù Mímọ́ pàápàá sọ fún Tèófílù pé òun wádìí ohun gbogbo dáadáa kí òun tó kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ.

Ní ti ìjọ wa, ẹ má ṣe fojú kékeré wo ìwé ìribọmi. Orúkọ ọmọ wà níbẹ̀, ti bàbá àti ìyá rẹ̀, ti àwọn òbí ìribọmi rẹ̀, ọjọ́ àti ibi tí a ti rì í bọmi. Òfin Ìjọ ti ọdún 1983, ní orí 535, pàṣẹ pé kí a tọ́jú àwọn ìwé àtijọ́ bẹ́ẹ̀ gidigidi. Ikán àti òjò kò mọ̀ pé ohun mímọ́ ni.

Síbẹ̀, ìwé ìribọmi kò sọ ohun gbogbo. Orúkọ àlùfáà tí ó rì wá bọmi wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn ìyá tí wọ́n ru omi àti yanrìn tí a fi kọ́ ilé Ọlọ́run kò sí níbẹ̀. Orúkọ àwọn olùkọ́ katikísìmù tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn láti abúlé dé abúlé kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti ìdílé tí ó yọ̀ǹda ilẹ̀. Ìrántí àwọn àgbà nìkan ni wọ́n wà. Bí àgbà kan bá sì kú, àwọn ọmọ a gbá yàrá rẹ̀ mọ́, wọn a da ìwé àti àwòrán rẹ̀ sínú iná pẹ̀lú àkísà. Ohun tí ogun ṣe ní 1886, àwa náà ń fi ọwọ́ ara wa ṣe é.

Nítorí náà, a bẹ ìdílé kọ̀ọ̀kan kí ó ra ìwé kan fún ìtàn ilé rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀, abúlé rẹ̀, àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Bí ìyá àgbà kò bá mọ ọdún, ẹ bi í bóyá ó ti ní ọkọ nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, tàbí bóyá ọmọ rẹ̀ ti ń rìn nígbà tí Dàhómì di Bénin ní 1975. Ẹ kọ ọ́ ní èdè wa bí ó ti ti ẹnu rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni kí a tú u sí èdè Faransé fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ẹ kọ orúkọ sí ẹ̀yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí ilé méjì bá sọ ìtàn kan ní ọ̀nà méjì, ẹ kọ méjèèjì. Kì í ṣe àwa ni adájọ́.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ ṣe. A kò gbọdọ̀ fi ìtàn bú ẹnikẹ́ni pé ẹrú ni baba ńlá rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ di àdá fún ìjà ilẹ̀. Ọmọ Ọlọ́run ni gbogbo wa nínú omi ìribọmi. Ṣùgbọ́n kí ìtìjú má sì mú wa fi òtítọ́ pamọ́: ẹni tí ó jìyà yẹ ní ẹni tí a ń rántí.

Kí ọdún Júbílì yìí tó parí, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa jókòó ti àgbà kan nínú ilé rẹ̀. Kí Màríà Wúńdíá, tí ó pa gbogbo ohun tí ó rí mọ́ nínú ọkàn rẹ̀, bẹ Ọmọ rẹ̀ fún wa. Kí Ọlọ́run tẹ́ àwọn tí ó ti lọ sí afẹ́fẹ́ rere, kí ó sì dá àwọn àgbà tí ó kù sí fún wa.

Àmín.