Búrẹ́dì Inú Ìkòkò

  Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé, ẹ kú ìyànjú. Ẹ rọra kà á. Bí ọ̀rọ̀ kan bá gùn jù, ẹ gé e sí méjì, kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ni mo mú wá lónìí. Kì í ṣe búrẹ́dì gígùn tí wọ́n ń yan nínú ààrò ńlá ní ìlú. Èyí tí èèyàn lè yan nínú ìkòkò lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni mò ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe pàdánù owó lórí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọgbọ́n.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí iléèwé wọlé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó àjọ mi. Owó ìwé ọmọ méjì ló wà nínú rẹ̀. Mo sọ fún ìyàwó ọmọ mi pé ká fi díẹ̀ ra ìyẹ̀fun, ká yan búrẹ́dì, ká tà á lọ́jọ́ ọjà, kí owó náà lè lé díẹ̀.

A ra ìyẹ̀fun agolo mílíìkì 20. A ra ṣúgà, a ra òróró. Ó wá ku ìwúkàrà. Mo dé ìdí àtẹ, mo mú àpò bébà kékeré kan, mo sì ń fi ìka tọ lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: L, E, V, U, R, E. Levure. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ìwúkàrà ní èdè Faransé. Inú mi dùn! Èmi ni mo ka ìwé lójú ọjà yìí! Ọ̀rọ̀ mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò kà á. Ayọ̀ ti gbà mí lọ́kàn. Mo bi ẹni tó ń tà á, ó ní, “Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.”

A po ìyẹ̀fun náà lálẹ́, a fi aṣọ bò ó, a lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bí a ṣe fi í sílẹ̀ náà ló wà. A dúró títí oòrùn fi mú, kò wú. Ìyàwó ọmọ mi ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Owó ìwé ọmọ ló wà nínú ọpọ́n yẹn.

Ọmọ mi tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló mú àpò bébà náà nílẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ méjèèjì: levure chimique. Ó ní, “Ìyá, èyí kọ́ o. Ti kéèkì ni èyí tí ẹ rà. Levure boulangère ni ti búrẹ́dì.”

Orúkọ wọn jọra, iṣẹ́ wọn kò jọra. Levure boulangère jẹ́ hóró wẹ́wẹ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ilẹ̀ gbígbẹ. Ohun alààyè ni. Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló fi èyí hàn kedere láàárín 1857 sí 1860. Ohun kéékèèké náà ń jẹ ṣúgà inú ìyẹ̀fun, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń mú kí ìyẹ̀fun wú. Nítorí náà, ó ń fẹ́ àkókò, ó sì ń fẹ́ ibi tó móoru. Omi gbígbóná ń pa á.

Levure chimique ní tirẹ̀, ìyẹ̀fun funfun ni, kò ní ẹ̀mí. Bí omi bá ti kàn án ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́, iná sì ń mú un ṣe ìyókù. Kíá ni èèyàn gbọ́dọ̀ gbé e ka iná. Tèmi ti sun mọ́jú, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti lọ.

A kò da ìyẹ̀fun yẹn nù. A gé e wẹ́wẹ́, a dín in nínú òróró, àwọn ọmọdé sì rà á. Ó pa díẹ̀ nínú owó wa padà. Èyí tó kù, mo yá a lọ́wọ́ ẹni tí a jọ ń dá àjọ, ọjà mẹ́ta ni mo sì fi san án.

Ẹ wo nọ́ńbà ara àpò náà pẹ̀lú. Ọjọ́ ló máa ń ṣíwájú, oṣù a tẹ̀ lé e, ọdún ló kẹ́yìn. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ó lè jẹ́ pé ìwúkàrà inú rẹ̀ ti kú. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ife, irú èyí tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun. Ẹ fi ṣúgà díẹ̀ sí i, kí ẹ da ìwúkàrà lé e. Tí ó bá fi máa tó ìṣẹ́jú 15, ó yẹ kó máa hó. Bí kò bá hó, ẹ má fi ìyẹ̀fun yín ṣòfò.

Kí ìwúkàrà inú bébà tó dé, ẹmu ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní ilẹ̀ wa fi ń wú búrẹ́dì. Ilẹ̀ ọ̀pẹ sì ni tiwa: láti 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè. Ẹmu tí a dá láàárọ̀, tó ń hó, ni kí ẹ fi rọ́pò omi. Ìwúkàrà wà nínú rẹ̀. Ó ń pẹ́ kó tó wú, ó sì ń kan díẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ẹmu láyè, kó lo ti inú bébà.

Àlìkámà kì í ṣe ohun ọ̀gbìn wa. Òkè òkun ló ti ń bá ọkọ̀ ojú omi wá sí Cotonou. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Rọ́ṣíà àti Yukréènì ní 2022, owó àlìkámà gòkè káàkiri ayé. Nítorí náà ni mo ṣe ń fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ lú u: agolo 1 ẹ̀gẹ́ sí agolo 9 àlìkámà. Ní Nàìjíríà, nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, irú ìwọ̀n yìí ni ìjọba ní kí wọ́n lò. Ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀gẹ́ kò ní ohun tó ń fà bíi rọ́bà, búrẹ́dì á wó. Kì í ṣe láfún tó ti kan o. Ẹ̀gẹ́ tí kò korò ni kí ẹ bó, kí ẹ rin ín, kí ẹ fún omi rẹ̀ dáadáa, kí ẹ tètè sá a kó gbẹ, kí ẹ tó lọ̀ ọ́.

Bí mo ṣe ń po ó nìyí. Ìyẹ̀fun agolo 10 lápapọ̀, ṣúgà ìdajì agolo, iyọ̀ ṣíbí kékeré 2, òróró ṣíbí ńlá 3, ìwúkàrà àpò 1. Omi tó agolo 3 ààbọ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ pò ó títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Ẹ bò ó. Nígbà tó bá wú di ìlọ́po méjì, ẹ pín in sí 16, kí ẹ kó o sínú agolo sadíìnì tí ẹ ti fọ̀, tí ẹ sì ti fi òróró pa nínú. Ẹ tún jẹ́ kó wú lẹ́ẹ̀kejì.

Ìkòkò ńlá ni ààrò wa. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ tó mọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, kó ga tó ìka méjì. Ẹ to òkúta kéékèèké sórí iyanrìn. Ẹ dé e, kí ẹ jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ wá to agolo sórí òkúta, kí ẹ da ẹyin iná sórí ìdérí. Ìdérí yìí ló dí mi lọ́wọ́ jù. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ìsàlẹ̀ jó, òkè funfun bí ẹ̀kọ. Iná òkè ló sọnù. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, ẹ yọ ọ̀kan, kí ẹ fi ìka kan ìdí rẹ̀. Bí ó bá ń dún bí ìlù, ó ti jinná.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará ẹ̀bá ààlà, ẹ má fi epo kpayo tan èédú. Mo mọ̀ pé ó wà nínú ìgò ní ojú ọ̀nà gbogbo, ó sì yá. Ìgbà tí iná rẹ̀ bá bú, ó ti dé ojú kí èèyàn tó sá. Koríko gbígbẹ tàbí ìhá ẹyìn tó fún wa lóúnjẹ náà tó. Ìta sì ni kí ẹ ti yan án. Afẹ́fẹ́ èédú nínú yàrá tí a tì pa kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn.

Ó ku ìṣirò. Ẹ mú ìwé yín. Ká ní ìyẹ̀fun jẹ́ 700 fráǹkì, ṣúgà 150, òróró 150, ìwúkàrà 100, èédú 200. Ó di 1.300. Bí ẹ bá ta búrẹ́dì 16 ní 100 ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1.600 ni. Èrè yín jẹ́ 300. Bí ará ilé bá jẹ mẹ́ta, èrè ti tán. Ní ọjọ́ tí tèmi kọ́kọ́ wú, márùn-ún ni wọ́n jẹ. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.